Ẹ Yàgò fún Oníbúrẹ́dì o!

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ jẹ́ kí àǹtí aránṣọ náà ríbi fìdí lé. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kó máa ṣa á lọ, ẹnu ni mo fẹ́ lò, n kò ní fọwọ́ kan ẹ̀wà ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlàjẹ láàárọ̀ Sátidé? Ẹ̀n? Ẹnu Ìyá Alágbo lẹ ti gbọ́ ọ? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Ìyá Alágbo tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ lásán, kí ìròyìn ẹ̀ tó dé ojúde kejì, wọ́n á ti máa wá pósí kiri. Kò sẹ́ni tó kú. Búrẹ́dì ló ṣòfò, pẹ̀lú díẹ̀ nínú iyì Lándílọ́ọ̀dù wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, nítorí bí mo bá kàn já lu búrẹ́dì, ẹ ò ní mọ bí agogo ṣe dénú ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà yìí. Béèyàn bá ti kúrò láàárín Bàríga tó dorí kọ etí ọ̀sà, gọ́tà wà lọ́tùn-ún, gọ́tà wà lósì. Ẹni tó ń ta tòmátì ti gbé pẹpẹ lé sílábù, ẹni tó ń ta káàdì ti ṣí agboòrùn ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibi tí sílábù sì ti wó, pákó kan ni wọ́n fi dí i, bí ẹ bá tẹ ìdí pákó náà, orí ẹ̀ á dìde kí yín. Èyí tó ṣẹ́kù láàárín ni gbogbo wa jọ ń pín: ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ọlọ́mọlańkẹ́ tó ń ta omi, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, àti ewúrẹ́ Àlàájà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ní mo gbàgbé ọ̀kadà? N kò gbàgbé. Láti oṣù September 2022 nìjọba Èkó ti fi Ṣómólú tiwa kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà ò gbọdọ̀ wọ̀ mọ́. Ẹ yé rẹ́rìn-ín. Ohun tí òfin sọ ni mo sọ, n kò sọ ohun tójú yín ń rí lálẹ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù, kí àwọn onímàrúwá tó jí, ẹlẹ́sẹ̀ àti ológeere ló ni ọ̀nà yẹn. Ẹ jáde ní bí aago márùn-ún ààbọ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wa yanrìn lọ́sà ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó fẹ́ di Osimhen lọ́la ń sáré, bàtà wọn ò bára mu. Àwọn oníbúrẹ́dì ti di búrẹ́dì Àgége sẹ́yìn ológeere, ẹrù náà ga ju orí wọn lọ. Àti àwọn ìyá ẹlẹ́jẹ̀-ríru. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn, wọn ò bínú sí i. Dókítà ló ní kí wọ́n máa rìn, wọ́n sì ń rìn, mẹ́rin lọ́wọ̀ọ́, èjìká kan èjìká, láti gọ́tà dé gọ́tà. Ìdí tí wọ́n fi ń tò bẹ́ẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá bọ́ sẹ́yìn, kò ní gbọ́ àròyé. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìrìn láìsí àròyé? Bí ológeere bá wá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, àfi kó máa tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sìnkú lọ.

Ẹ̀yin náà sì máa ń rí àwọn olówó wọ̀nyẹn tó ń gun ológeere láàárọ̀ Àìkú lórí Third Mainland, àwọn tó ń wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, tí wọ́n de akoto aláwọ̀ mèremère. Afárá tí Babangida ṣí ní 1990 nìyẹn, ó lé ní kìlómítà mọ́kànlá, etí omi wa níbí lèèyàn á dúró sí tá á máa wò ó bó ṣe nà lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ò gbọdọ̀ gùn ún, wọn ò sì la ọ̀nà ológeere kankan sí i. Àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ṣá: ogunlọ́gọ̀ wọn ló jọ ń lọ, mọ́tò kan á sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, iná ẹ̀ á máa ṣẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má baà já lù wọ́n. Ta ni yóò fi mọ́tò tẹ̀ lé oníbúrẹ́dì?

Ẹ tiẹ̀ rántí ayé sanitéṣọ̀n? Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá, kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, ẹni tó bá jáde, wọ́n á kó o. Ìjọba ní ká gbá gọ́tà. A gbá a lóòótọ́, a kó ẹrẹ̀ ẹ̀ sétí ibẹ̀, òjò sì bá wa dá a padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé! Ìdajì ọmọ tó mọ ológeere gùn ládùúgbò yìí, Sátidé sanitéṣọ̀n ló fi kọ́ ọ, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ́ǹtì tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ni bírékì ẹ̀. Ilé ẹjọ́ wá sọ pé kò bófin mu láti sé èèyàn mọ́lé, nígbà tó sì di 2016, ìjọba Èkó fagi lé e. Òmìnira dára, n kò bá a jà. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀nà Ìlàjẹ, wákàtí mẹ́ta yẹn nìkan ni mo rí i tó jẹ́ tẹlẹ́sẹ̀ pátápátá, tí ìyá ọlọ́mọ lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìpariwo "Kúrò lójú títì!"

Níbo ni mo ti yà? Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn ìyá ẹlẹ́jẹ̀-ríru.

Lándílọ́ọ̀dù wa ló kọ́kọ́ fẹjọ́ wọn sùn. Ẹ mọ bàbá náà. Dírẹ́bà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ara ẹ̀ ló fẹ̀yìn tì, ẹnu ẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Á dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti kọ́ọ̀pù tíì, á máa darí ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ní kó darí. Ó ní láyé ijọ́un òun bá àwọn Róòdù Séfítì Ọ̀yọ́ ṣe díẹ̀, èyí tí Wọlé Ṣóyínká dá sílẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní Májàmájà, kí tìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Ìyàwó ẹ̀ ní kò bá wọn ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn mú un lẹ́ẹ̀kan ni.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹlẹ́sẹ̀, ẹ gba òsì! Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́tùn-ún, ẹ gba òsì kójú yín lè máa rí ohun tó fẹ́ pa yín!" Òdodo ọ̀rọ̀ ni o. Ohun tó wà nínú ìwé òfin ojú títì nìyẹn fún ibi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún máa ń dà rú mọ́ lójú, torí pé òsì ló fi kọ́ mọ́tò. Ẹ̀yin ọmọdé ò lè mọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì oṣù April 1972, òsì ni gbogbo mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, bíi tàwọn òyìnbó tó kọ́ wa. Ọjọ́ náà bọ́ sí Àìkú Àjíǹde. Àwọn èèyàn sùn lósì, wọ́n jí lọ́tùn-ún. Lándílọ́ọ̀dù ní òun gbé ìyá òun lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ní gbogbo oríta tí wọ́n bá dé, ìyá á pariwo "Jésù!", kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ti Àjíǹde ló ń ṣe ni àbí ti mọ́tò tó dojú kọ wọ́n. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Títí dòní, bí nǹkan bá já lu bàbá yẹn lójijì, òsì lara ẹ̀ ń lọ. Ẹ fi ìyẹn sápò, a máa lò ó.

Wàyí o, Ìyá Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe orúkọ tí a ń pè é láti ilẹ̀ nìyẹn. Ìyá Ẹlẹ́kọ la mọ̀ ọ́n sí, kí ọmọ ẹ̀ tó bí ìbejì sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Ìyá lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó dé, ó ní píọ́ wọ́tà ń run òun nínú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó kó dé tó kàn wá ni ìtàn ọ̀nà kan.

Ó ní láti Burgess Park títí dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé Peckham, ọ̀nà kan wà tí mọ́tò kì í gbà. Surrey Canal ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi tí wọ́n gbẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi máa ń kó igi gbà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ omi, wọ́n kó ilẹ̀ dí i, ó wá di ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ológeere jọ ń gbà. Ibẹ̀ ni ìyá ń ti àwọn ìbejì nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé gbà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbọ́ "tín-ín tín-ín" lẹ́yìn. Kí ni "tín-ín tín-ín" bí kò ṣe oní-Fan Yogo? Ìyá dúró, ó yíjú padà, ó ń wá owó nínú ìró. Òyìnbó gbọọrọ kan ló wà lórí kẹ̀kẹ́, tó ti fẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, tó ń dúró kí ìyá yà. Ìyá ń dúró kó mú Fan Yogo jáde. Wọ́n wo ara wọn títí, òyìnbó rẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Ìbejì kan ló sunkún tó tú wọn ká.

Ọmọ ẹ̀ ló là á yé e nílé. Lọ́hùn-ún, bí ológeere bá fẹ́ kọjá lára ẹlẹ́sẹ̀, á lu agogo tàbí kó fẹnu sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á sì dín eré kù. Ó wà nínú ìwé òfin ojú títì wọn. Láwọn etí omi mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tiẹ̀ ti ṣe ìpolongo rí pé agogo ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n máa lù. Ìwé òfin yẹn náà ni wọ́n tún ṣe ní January 2022, tí wọ́n wá kọ ọ́ síwájú pátápátá pé ẹni tó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe jù ló gbọdọ̀ ṣọ́ra jù: kí tírélà ṣọ́ra fún mọ́tò, kí mọ́tò ṣọ́ra fún ológeere, kí ológeere ṣọ́ra fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ ò rí i pé Èkó ni wọ́n dorí ẹ̀ kodò yẹn? Níbí, ẹni tó lè pa èèyàn ló ń fọn fèrè, ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ló ń tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀run rere ni Peckham o. Ìyá ní ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ ń sá eré àsápajúdé, ẹlẹ́sẹ̀ á bú wọn, wọ́n á bú ẹlẹ́sẹ̀ padà, ajá á sì tún kó sí wọn láàárín pẹ̀lú okùn ọrùn ẹ̀.

Bó ṣe ń bọ̀ nílé, ó ra agogo kan. Agogo kẹ̀kẹ́, ó ń dán, ó kéré, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Kò ní kẹ̀kẹ́ o! Kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé ẹ̀. Oníbúrẹ́dì ló fún, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn tí kì í kígbe búrẹ́dì ẹ̀ sókè bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tó máa ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n bí ẹni pé gbèsè ló fẹ́ san. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ ara ẹ̀ de agogo náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi súpánà aládùúgbò fún un, ó ní, "Bí o bá dé ẹ̀yìn èèyàn, lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yà fún ẹ."

Wọ́n yà? Ní Ìlàjẹ? Ọjọ́ kìíní tó lù ú lọ́sàn-án, gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé ló tú jáde sójú ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ti Fan Yogo náà kọ́ nìyẹn? Kàkà kí agogo lé èèyàn kúrò lọ́nà, ó ń kó wọn bọ́ sí i. Ọmọ Bùrọ̀dá Mẹkáníìkì tiẹ̀ sunkún mọ́ búrẹ́dì, ó ní òun fẹ́ èyí tó tutù. Oníbúrẹ́dì ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Kò lè yọ agogo, torí Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ń jáde wò ó lójoojúmọ́ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wá pinnu pé àárọ̀ kùtù nìkan lòun á máa lù ú, nígbà táwọn ọmọdé ṣì ń sùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé àárọ̀ Sátidé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àǹtí dá ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn dúró ná.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Iná ò sí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́jẹ̀-ríru ń bọ̀ láti ọ̀nà etí ọ̀sà, mẹ́rin lọ́wọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló wà lẹ́nu, ó sì ti dé ibi tó dùn. Ọmọbìnrin kan tó ń ka ìwé ní Akọka ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, íápíìsì ti dí i létí méjèèjì, bí tírélà tiẹ̀ ń bọ̀, orin ló máa pè é. Lándílọ́ọ̀dù wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú kọ́ọ̀pù. Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn ìyá, ẹrù ẹ̀ kún, bírékì ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ó lu agogo lẹ́ẹ̀mejì, tín-ín tín-ín, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ẹ gbọ́, agogo wo ni ẹ̀yin máa ń gbọ́ ládùúgbò yìí ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀? Ṣé kì í ṣe ti wòlíì àjíhìnrere yẹn ni, èyí tó máa ń fẹsẹ̀ lásán rìn pẹ̀lú súntánà, tó máa ń jí wa pé ká ronú pìwà dà kí oorun tó dá lójú wa? Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn gbọ́ agogo. Ó dúró ṣinṣin. Ó pajú dé. Ó ní, "Àmín o, Bàbá." Àwọn mẹ́ta yòókù náà dúró, wọ́n pajú dé. Odi ni wọ́n fi ara wọn mọ sáàárín ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣe àmín.

Oníbúrẹ́dì fa bírékì, bírékì ní òun ò sí nílé. Lándílọ́ọ̀dù rí i, ó fi tíì sílẹ̀, ó fò jáde, ó ń pariwo, "Òsì! Òsì!" Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Àwọn ìyá ni, kí wọ́n gba òsì. Àwọn ìyá gbọ́, wọ́n ṣí lọ sí òsì. Oníbúrẹ́dì náà gbọ́, ọmọlúwàbí ni, ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí òsì. Lándílọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ wá ń kọ́? Mo ti ní kẹ́ ẹ fi sápò. Nǹkan já lù ú lójijì, ara ẹ̀ bọ́ sí 1971, òsì náà lòun bọ́ sí. Gbogbo wọn pàdé lójú kan, lórí pákó tí wọ́n fi dí gọ́tà. Táyà kẹ̀kẹ́ tẹ ìdí pákó, orí pákó dìde, búrẹ́dì fò. Mo ní búrẹ́dì fò! Ó ń balẹ̀ lórí sílábù, ó ń balẹ̀ sínú gọ́tà, ọ̀kan balẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù tíì tí Lándílọ́ọ̀dù gbé sórí pílà géètì, bí ẹ rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ lọ bi ìyàwó ẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù wà nínú gọ́tà dé orókún. Ọmọ Akọka ṣì ń sáré lọ, kò yíjú padà, orin ń lọ létí ẹ̀. Ìyá àgbà wá lajú, ó wo búrẹ́dì nílẹ̀, ó wo Lándílọ́ọ̀dù nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Wòlíì dà?"

Ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì wú díẹ̀. Ẹnì kan ti ń pariwo "Ìgbóbì! Ìgbóbì!", torí ládùúgbò yìí, bí ọmọ bá ṣẹ́ èékánná, Ìgbóbì là ń ké. Ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Láti 1945 ni ilé ìwòsàn eegun yẹn ti wà nítòsí wa, nítorí àwọn sójà tó fara pa nínú ogun Hítílà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀kadà àti mọ́tò ló wá jogún bẹ́ẹ̀dì àwọn sójà náà. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí kò dé ibẹ̀. Ìyá Alágbo fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà, ọmọ náà sì ti rìn délé kí Ìyá Alágbo tó jáde lọ sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìpàdé bẹ́ sílẹ̀ ní báráńdà Lándílọ́ọ̀dù. Ta ni yóò san owó búrẹ́dì? Lándílọ́ọ̀dù ní àwọn ìyá ni, wọ́n dí ọ̀nà. Àwọn ìyá ní Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ni, òun ló kó agogo àjèjì wọ̀lú. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ní ní Peckham kò sí ẹni tó ń ṣàmín sí agogo kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan ní àìsí iná ni ò jẹ́ kí wọ́n ríran, ló bá di pé láyé àwọn òyìnbó, ológeere ní láísẹ́ǹsì tiẹ̀, ẹni tó bá gùn ún lálẹ́ láìtan iná, ọlọ́pàá á mú un. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n ń ka iye tí kẹ̀kẹ́ Ralẹ́ì jẹ́ nígbà náà.

Bàbá Ẹlẹ́ja ló mú wọn padà. Ẹ mọ̀ pé bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ gan-an ni, láti Ayétòrò létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ó ní níbi tí wọ́n bí òun sí, pákó ni títì. Wọ́n kan òpó mọ́ ẹrẹ̀ àti omi, wọ́n to pákó sórí ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń gbà, àtẹlẹ́sẹ̀ àtẹlẹ́rù. Òkun ti ń jẹ ìlú náà báyìí, ibi tí òun ti ń ṣeré lọ́mọdé ti wà lábẹ́ omi. Báráńdà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Lórí pákó, bí ẹ bá ṣìṣe, omi ni. Ìyá mi á ru ẹja, á ké láti ọ̀nà jíjìn, 'Àgò o!' Kò ní dé ẹ̀yìn yín kó tó ké. Ẹni tó wà níwájú á dáhùn, 'Àgò yà!', á fẹ̀gbẹ́ dúró. Bí ìyá mi ò bá gbọ́ 'àgò yà', kò ní kọjá. Á dúró pẹ̀lú ẹja lórí."

Ohun tó yàtọ̀ sí agogo nìyẹn, àbí èmi nìkan ló rí i? Agogo kì í dúró gba èsì. Fèrè ọkọ̀ kì í dúró gba èsì. Àwọn alábàárù ọjà Balógun tó ń pariwo "Ẹ yàgò, epo ń bọ̀!", tó sì jẹ́ pé láàsì ni wọ́n rù, wọn ò dúró gba èsì, wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí epo ta sí i láṣọ. Ṣùgbọ́n ìyá Bàbá Ẹlẹ́ja dúró. Ẹni tó bá ń dúró gbọ́ èsì gbọdọ̀ ti dín eré kù, ẹni tó sì dáhùn ti yẹjú wò. Ẹni tí íápíìsì wà létí ẹ̀ ò ní dáhùn, ẹ̀yin náà á ti mọ̀ pé kò gbọ́, ẹ ò ní kọlù ú.

Àwọn ìyá ẹlẹ́jẹ̀-ríru gbà láti máa tò ní méjì-méjì. Wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ń pariwo "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" sí àwọn tó wà níwájú, gbogbo àdúgbò ló wá mọ ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ yẹn báyìí. Owó búrẹ́dì, a dá a. Sílábù náà, a dáwó ẹ̀, bíríkìlà ti dà á, ó ń gbẹ lọ́wọ́. Ká sọ tòótọ́, pákó yẹn ló jẹ̀bi jù nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni wọn ò pè sí ìpàdé. Oníbúrẹ́dì ti ń ké àgò. Ó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n bíi ti búrẹ́dì, àǹtí aránṣọ wá ń dá a lóhùn láti ojú wíńdò ní gbogbo àárọ̀, "Àgò yà o!", ohùn ọmọ náà ti ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Àǹtí, kí lẹ ń wo ilẹ̀ sí? Ṣé mo sọ nǹkan ni? Mo kàn ní ẹ ń dá a lóhùn ni.

Ti Lándílọ́ọ̀dù ló kù. Ó ti ra ológeere. Tòkunbọ̀ ni, ó rà á ní Ọjọ́bọ̀, ó ní ẹni tó ń kọ́ni lófin ojú ọ̀nà gbọdọ̀ máa lò ó. Àárọ̀ yìí ló gbé e jáde. Ó de fìlà, ó fi ṣòkòtò sínú ìbọ̀sẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ láti ẹnu géètì, ó ń ké "Àgò o! Àgò o!" kíkankíkan, òsì pátápátá ló gbà, ó dojú kọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń bọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló sì ń dá a lóhùn láti òkè báráńdà: "Kò yà! Bàbá, kò yà o! Ọ̀tún! Ọ̀tún ni!"